Bàbá Làmídì, Ọmọ Akẹ́yìn Ogun

Ní ọjọ́ tí a sin Àǹtí Múnírátù ní Ìbà, ọmọ ọmọ mi kan, Káfílátù, fa àga oníke sún mọ́ mi, ó ní, "Mámà, kí ló dé tí wọ́n ń pe agbolé yín ní Agbolé Akẹ́yìn? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń gbẹ́yìn ní kíláàsì ni?" Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé tí mo bọ́ gèlè ni mo tó rí i pé nínú gbogbo àwọn tó lè dá ọmọ yìí lóhùn dáadáa, èmi nìkan ló kù. Bọ̀ọ̀dá Búráímọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti lọ. Sàlísù tó bí mi ti lọ. Ṣẹ̀fíátù ìyá mi ti lọ. Múnírátù ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ń pọnmi náà ti wá tẹ̀ lé wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Sítáńdáàdì Fóò ni mo ti kúrò nílé ìwé, nítorí náà ẹni tó bá rí àṣìṣe kó fi ọwọ́ bò ó, kó máa kà á lọ.

Bàbá bàbá mi ni Bàbá Làmídì. Ènìyàn kúkúrú ni wọ́n, orí wọn pá, etí wọn sì fẹ̀ débi pé tí wọ́n bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà tí oòrùn wà lẹ́yìn wọn, etí náà á pọ́n yòò bí ọsàn. Ìdí-Àgbọn là ń gbé, abúlé kékeré kan láàrin Ọjọ́ àti Ìbà, ilẹ̀ oníyanrìn tí igi àgbọn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ. Ilé àwọn onílé ti bò ó mọ́lẹ̀, àwọn tó ń ta táyà ló sì wà níbi tí a ti ń fọṣọ nígbà yẹn. Ọkọ̀ ni Bàbá ń tù. Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á kó gàrí àti àgbọn àwọn ará abúlé sínú ọkọ̀, wọ́n á gba ojú omi lọ sí èbúté Ọjọ́. Tí kò bá sí ọjà, ẹ óò rí wọn lóko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìbà.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi Bàbá pé iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe, wọn ò ní dárúkọ ọkọ̀, wọn ò ní dárúkọ oko. Wọ́n á ní, "Ọmọ Balógun ni mí." Wọ́n á wá dákẹ́, kí ẹ lè bi wọ́n pé Balógun wo. Ẹni tó bá bi wọ́n ti wọ gàù, torí oòrùn á wọ̀ kí ìtàn náà tó tán.

Balógun Ògúndélé ni. Ó ti tó igba ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn tó gbé ayé. Òun ni olórí ogun fún Baálẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ìdí-Àgbọn, láyé tí abúlé àti abúlé ń gbé ogun ka ara wọn mọ́lé nítorí odò ẹja àti nítorí ọmọ tí wọ́n jí kó. Gbogbo ilé ló ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ní ilé ẹlòmíràn, bàbá ńlá wọn á ti fi ọwọ́ òsì gbá igba ọkùnrin dànù. Tiwa kọ́. Ògúndélé tiwa kì í ṣẹ́gun. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ létí ọ̀sà, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ nínú igbó, wọ́n tún wá ṣẹ́gun rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀.

Bàbá kì í fi ọ̀kankan pamọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹni ń ròyìn ìyàwó ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Wọ́n á sọ ti ìgbà tí Ògúndélé kó ọkọ̀ ogun lọ bá àwọn ará òdìkejì ọ̀sà, tó gbàgbé pé omi máa ń fà lásìkò ọyẹ́. Gbogbo ọkọ̀ bá jókòó sínú ẹrẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba, àwọn ọ̀tá sì dúró sí etí omi, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun, wọ́n ń wò wọ́n. Bàbá á sọ ti ìgbà tó mú ọjọ́ ogun bọ́ sí ọjọ́ ọjà, tí ìdajì àwọn ọmọ ogun kọ́kọ́ yà lọ ta ẹja wọn. Wọ́n á sọ ti ẹ̀tù ìbọn tí wọ́n tọ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀. Nígbà tí wọ́n yìn ín, ìbọn ò dún. Ó kàn sín ni.

Èmi ọmọdé á máa yí lórí ẹní. "Bàbá, kí ló dé tí Baálẹ̀ ò lé e?"

Ibẹ̀ ni ojú Bàbá á ti yí padà díẹ̀. Wọ́n á ní nínú gbogbo ogun tó bà jẹ́ yẹn, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di bó ò lọ o yàgò lọ́nà, àwọn ọmọ ogun á máa sá lọ níwájú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ á tẹ̀ lé wọn, Ògúndélé á sì wà lẹ́yìn pátápátá. Á kọjú sí ọ̀tá, á máa fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wálé. Tó bá dé, á dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, á ní, "Bàbá, wọ́n nà wá o. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ yín ni mo kó bọ̀." Ìlú kan tó lọ́rọ̀, tí ìbọn wọn kì í sín, tilẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó wá jẹ Balógun fún àwọn, àwọn á fún un ní ẹṣin àti aṣọ àrán. Ògúndélé ní kí ìránṣẹ́ náà máa gbé ẹṣin rẹ̀ lọ, pé òun ò lè fi ẹni tí òun ti bá pàdánù sílẹ̀ lọ bá ẹni tí òun kò tíì bá pàdánù ohunkóhun rí.

Bàbá á wá na ìka sí mi. "Sìkírátù, gbọ́. Ẹni tó bá ọ ṣẹ́gun, àlejò ni. Ẹni tó bá ọ pàdánù, ẹbí ni."

Nítorí ọkùnrin yìí, Bàbá Làmídì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kẹ́yìn wọn. Níbi ìnáwó, wọ́n á dúró títí wọ́n á fi bá onílé ká ẹní. Bí a bá ń ti oko bọ̀, àwọn ni ẹ̀yìn, àní kí òjò máa lé wa. Mọ́sáláṣí ló burú jù. Títí àwọn yòókù á fi jáde, Bàbá á ṣì jókòó, nítorí náà bàtà tó bá ṣẹ́kù lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń wọ̀ wálé. Mo ti rí i tí wọ́n wọ bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì dé, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú.

Ìyá Àgbà, ìyẹn Rábíátù ìyàwó wọn, á fi ọwọ́ lérán. "Bàbá Búráímọ̀, bàtà ta lẹ tún wọ̀ dé yìí?"

Bàbá á wo ẹsẹ̀ wọn bí ẹni pé àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Ti ẹni tó yára ni."

Nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà yẹ wọ́n, torí ìdí ọkọ̀ ni ẹni tó ń darí rẹ̀ ń jókòó sí. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ṣé wọn ò fẹ́ jókòó níwájú, níbi tí atẹ́gùn wà, kí wọ́n lè máa rí ọ̀nà. Wọ́n ti àjẹ̀ bọ omi, wọ́n ní, "Ẹni tó wà níwájú ń rí omi. Èmi tí mo wà lẹ́yìn ń rí yín."

Mo fẹ́ sọ ti Ìyá Àgbà díẹ̀, torí tí mo bá sọ ti Bàbá láìsọ tiwọn, wọ́n á wá fa etí mi lójú àlá. Obìnrin gíga ni Ìyá Àgbà, wọ́n fi orí kan ga ju Bàbá lọ. Obì kì í kúrò lẹ́nu wọn. Obì ni wọ́n fi ń jí, obì ni wọ́n fi ń sùn, ẹnu wọn pọ́n bí ẹnu ẹyẹ ìbákà tó ti jẹ ata. Tí wọ́n bá ń bá Bàbá jà, wọ́n á kó obì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan kí ọ̀rọ̀ lè gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì jáde. Bàbá mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní, "Ẹ dákẹ́ o, ó ti ń pààrọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Aládùúgbò wa tó kọjú sí wa gan-an ni Bàbá Jóòbù. Wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n sì ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi. Bàbá fi bí ọdún mẹ́ta jù wọ́n lọ. Ìran Bàbá Jóòbù ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan láyé àtijọ́, wọ́n sì ti ń jẹ ẹran ogun yẹn láti ìgbà náà, kò tíì tán. Ìjà àwọn àgbà méjì yìí kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Nínú oríkì ilé wa, wọ́n máa ń kì wá báyìí pé: *Ọmọ akẹ́yìn ogun bọ̀.* Bàbá Jóòbù ní irọ́ ni. Wọ́n ní bí àwọn bàbá àwọn ṣe gbọ́ ọ ni pé *akẹ́yìn ogun lọ*, pé nígbà tí wọ́n bá ń lọ sójú ogun, ẹ̀yìn ni Ògúndélé máa ń fara pamọ́ sí, pé a kàn fi *bọ̀* rọ́pò *lọ* ni kí ojú má baà tì wá.

Bí wọ́n ṣe ń kíra nìyẹn láàárọ̀.

"Bàbá Búráímọ̀, ẹ kú ẹ̀yìn o!"

"Ìwọ náà kú iwájú, Jóòbù."

"Ẹ jẹ́ n bi yín. Nígbà tí ogun ń lọ, ibo ni bàbá ńlá yín wà?"

"Nígbà tí ogun ń bọ̀ ńkọ́?"

"Mi ò bi yín ti bíbọ̀."

"O ò lè bi mí. Nígbà tí tiwa ṣì ń bọ̀ lọ́nà, tìrẹ ti délé, ó ti jẹun, ó ti na ẹsẹ̀."

Ẹ má rò pé ọ̀tá ni wọ́n. Lọ́jọ́ Iléyá, itan àgbò kan gbọ́dọ̀ dé ilé Bàbá Jóòbù. Lọ́jọ́ Kérésì, abọ́ ìrẹsì tí wọ́n fi aṣọ bò gbọ́dọ̀ dé tiwa. Nígbà tí ibà dá Bàbá Jóòbù dùbúlẹ̀ débi pé wọn ò dá èmi mọ̀ mọ́, Bàbá ló gbé wọn sínú ọkọ̀ lọ sí dìsípẹ́ńsárì ní Ọjọ́. Mo wà nínú ọkọ̀ yẹn, mo ń fi agbè gbọ́n omi. Láti Ìdí-Àgbọn títí dé èbúté, *lọ* àti *bọ̀* ni wọ́n ń jà lé lórí. Nígbà tí wọ́n ń gbé Bàbá Jóòbù gòkè, wọ́n di ọwọ́ Bàbá mú pé, "Ẹ má jẹ́ n kú o. Tí mo bá kú báyìí, ó dá mi lójú pé ẹ óò lọ purọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí."

Ó wá ku bí ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira ni ọ̀rọ̀ *lọ* àti *bọ̀* yìí kúrò ní eré. Bàbá Àdìsá, ẹ̀gbọ́n Bàbá, tó jẹ́ Balógun Ìdí-Àgbọn, kú. Láti ayé Ògúndélé, oyè náà kò kúrò nílé wa rí. Gbogbo wa ti ń fi Bàbá ṣe Balógun nínú ọkàn wa. Bọ̀ọ̀dá Búráímọ̀, àkọ́bí Bàbá, tilẹ̀ ti ra fìlà tuntun fún wọn ní Èkó. Bàbá ò sọ pé àwọn fẹ́ oyè, àmọ́ mo rí wọn tí wọ́n ń fi omi inú garawa wo bí fìlà náà ṣe jókòó lórí wọn.

Bàbá Jóòbù bá dìde, wọ́n ní ilé àwọn náà fẹ́ ẹ. Wọ́n ní abúlé ò lè máa fi ilé akẹ́yìn ogun lọ ṣe Balógun títí ayé.

Àṣà kan wà fún oyè yẹn. Kí ilé kan tó jẹ ẹ́, àgbà ìyàwó ilé náà gbọ́dọ̀ ki oríkì ilé níwájú Baálẹ̀ àti gbogbo abúlé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń kì í. Ohun tó bá jáde lẹ́nu obìnrin náà ni ẹ̀rí ilé, a kì í tún un kì. Àgbà ìyàwó ilé Bàbá Jóòbù kọ́kọ́ ki tiwọn, kò ṣì. Ó wá kan Ìyá Àgbà. Ohun tí gbogbo abúlé ń dúró gbọ́ kò ju ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn lọ: ṣé *bọ̀* ni àbí *lọ*.

Ẹ̀rù ba Ìyá Àgbà, wọ́n bá ju obì sẹ́nu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohùn wọn dùn lọ́jọ́ náà, ó ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọkùnrin ń mirí. Wọ́n ki ilẹ̀, wọ́n ki odò, wọ́n ki àwọn tó ti lọ. Wọ́n dé ibẹ̀. "Ọmọ akẹ́yìn ogun..." Obì bá sá sí ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n hú ikọ́ títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Bàbá Jóòbù fò dìde. "Ẹ gbọ́ o! Ibẹ̀ ló parí sí! *Bọ̀* kankan ò sí níbẹ̀!"

"Obì ni!" Ìyá Àgbà pariwo. "Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, obì ló há mi lọ́fun! *Bọ̀* ni mo fẹ́ wí! *Bọ̀! Bọ̀! Bọ̀!*"

Ó ti bọ́. Àgbàlagbà tó fẹ́ràn ilé wa ni Baálẹ̀ tó wà nígbà yẹn. Wọ́n ní, "Ìyá Búráímọ̀, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ́ kí ẹ tún un kì, ta ni mo máa sọ fún lọ́la pé kó má tún tirẹ̀ kì?" Wọ́n bá fi oyè fún Bàbá Jóòbù.

Sàlísù tó bí mi ju fìlà mọ́lẹ̀. Ìyá Àgbà fi ìborùn bo ojú. Ẹ̀rín la gbọ́ lẹ́yìn wa. Bàbá ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé etí wọn ń mì. Wọ́n gbá ìyàwó wọn lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ní, "Rábíátù, wọ́n ti ṣẹ́gun ẹni tó dára jù mí lọ, ẹ̀tù ló fi pàdánù. Obì ṣì sàn. Gbé ìyókù mì, má jẹ́ kó tún há ọ."

Bàbá wá dúró títí gbogbo abúlé fi kí Balógun tuntun tán. Nígbà tó ku àwọn nìkan, wọ́n lọ, wọ́n da àyà délẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jù lọ.

"Balógun, ẹ kú oríire."

Bàbá Jóòbù ti múra ìjà sílẹ̀. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa fi ọwọ́ sí. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín."

"Ẹ̀gbọ́n yín ni mí lójúde wa. Níhìn-ín, ọmọ ogun yín ni mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí Bọ̀ọ̀dá Búráímọ̀ nínú jù. Àwọn àna wọn wà ní Okokomáíkò, àwọn yẹn sì ti ní ilẹ̀ wà fún wa, kí gbogbo agbolé kó bọ̀, pé àwọn á fi Bàbá jẹ Balógun lọ́dọ̀ àwọn. Bọ̀ọ̀dá Búráímọ̀ ní a ń lọ. Ilé wa tó ìdajì Ìdí-Àgbọn nígbà yẹn. Tí a bá lọ, kí ló kù fún Baálẹ̀? Igi àgbọn ni wọ́n máa máa pàṣẹ fún. Baálẹ̀ ránṣẹ́ bẹ̀bẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Búráímọ̀ ò dáhùn. Bàbá ò sì lè fi agbára dá wọn dúró. Ọmọ tó ti ní ìyàwó tó ti bímọ, ẹnu la fi ń bá a sọ̀rọ̀, etí Bọ̀ọ̀dá Búráímọ̀ sì ti di. Bàbá, tí bàbá ńlá wọn ò fi Baálẹ̀ sílẹ̀ rí, ń wo ilé tó fẹ́ tú mọ́ wọn lójú. Ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ: "Ẹ máa lọ. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

A gbéra láàárọ̀, àwa ilé Bàbá la ṣíwájú, àwọn yòókù nínú agbolé ní àwọn á tẹ̀ lé wa lọ́jọ́ kejì. Bọ̀ọ̀dá Búráímọ̀ ló ṣíwájú pẹ̀lú àpótí onígi lórí. Ìyá Àgbà tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà Sàlísù bàbá mi, lẹ́yìn náà ìyá mi Ṣẹ̀fíátù tó pọn àbúrò mi, tó ru ìkòkò. Èmi àti Múnírátù la ń da ewúrẹ́ bọ̀. Bàbá wà lẹ́yìn wa.

A ò tíì rìn jìnnà tí Bàbá fi ní, "Múnírátù, mo gbàgbé, mi ò ti ilẹ̀kùn. Ìwọ àti Sìkírátù, ẹ padà lọ tì í, kí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà." A padà. Àwọn ewúrẹ́ tẹ̀ lé wa. Ilé ni wọ́n kúkú fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Ìyókù, ẹnu àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ títí wọ́n fi kú.

Bàbá bá ìyá mi. "Ṣẹ̀fíátù, ta ló wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ yẹn?"

"Kò sẹ́nìkan, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n padà."

"Ọmọdé méjì nínú ilé òfìfo? Háà."

Ìyá mi yí padà. Bàbá bá Sàlísù. "Ìyàwó rẹ ti padà pẹ̀lú ìkòkò. Kí lo máa fi se oúnjẹ ní Okokomáíkò, ọwọ́?"

Sàlísù dúró, wọ́n ronú, wọ́n bú sẹ́rìn-ín láìfẹ́. Bàbá ní kí wọ́n má tíì padà, pé ẹrù kan wà níwájú tí wọ́n máa bá àwọn gbé. Ìyá Àgbà ti sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń sunkún, torí wọ́n gbà pé obì àwọn ló tú ilé ká. Bàbá ò sọ̀rọ̀ obì.

"Ẹrù yìí wúwo, Rábíátù. Ibo ló sún mọ́ jù, ilé àbí Okokomáíkò?"

"Ilé ni."

"Ibi tó sún mọ́ ni ká gbé e lọ, nígbà náà."

Sàlísù gbé ẹrù Ìyá Àgbà, àwọn méjèèjì padà. Ó wá ku Bọ̀ọ̀dá Búráímọ̀. Ẹni tó ru àpótí onígi kì í lè yí ọrùn, Bọ̀ọ̀dá Búráímọ̀ sì ń pariwo lọ níwájú pé, "Ẹ yára! Ẹ má wẹ̀yìn!" Etí odò kékeré tó wà kí wọ́n tó wọ Okokomáíkò ni wọ́n ti sọ àpótí kalẹ̀ láti ká ṣòkòtò. Wọ́n yíjú padà. Ọ̀nà ṣófo. Bàbá nìkan ló jókòó lórí koríko, wọ́n ń gbọn iyanrìn kúrò nínú bàtà.

"Bàbá, àwọn yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n ti padà."

"Ta ló ní kí wọ́n padà?"

"Èmi ò mọ̀ o. Ẹ̀yìn ni mo wà."

Bọ̀ọ̀dá Búráímọ̀ ní ìbínú náà fẹ́ jáde gba imú àwọn. "Bàbá, wọ́n gba oyè yín lọ́wọ́ yín, ẹ ò tiẹ̀ bínú!"

"Mo bínú. Mo bínú títí ó fi sú mi. Wàyí o, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí." Bàbá wọ bàtà. "Mi ò ní dá ọ dúró, Búráímọ̀. Odò nìyẹn, kọjá tó o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo kì í ní iwájú, kì í ní ẹ̀yìn. Ó kàn dá wà ni."

Bọ̀ọ̀dá Búráímọ̀ wo odò. Wọ́n wo àpótí. Wọ́n ní nígbà tó yá, ohun tí àwọn ń rò kò ju bí àwọn ṣe máa tún gbé àpótí yẹn lọ sílé lọ. Bàbá bá wọn gbé e karí.

Nílé, èmi àti Múnírátù bá Bàbá Jóòbù lójúde wa pẹ̀lú fìlà oyè lórí. Wọ́n ti wá bẹ̀ wá pé kí a má lọ, wọ́n bá ilé òfìfo. Wọ́n ń rìn síhìn-ín, wọ́n ń rìn sọ́hùn-ún. "Ta ni mo fẹ́ máa bá jà láàárọ̀ báyìí? Ta ni?" Nígbà tí ìyá mi dé, wọ́n gba ìkòkò lórí wọn. Nígbà tí Ìyá Àgbà àti Sàlísù dé, wọ́n gba ẹrù. Iná ti jó, oúnjẹ ti jinná, kò sẹ́ni tó bù ú. Gbogbo wa dúró, a ń wo ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá Búráímọ̀ ló kọ́kọ́ yọ lábẹ́ àpótí. Lẹ́yìn wọn, a rí etí méjì tó pọ́n yòò nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́.

Bàbá Jóòbù fò sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Òun nìyẹn! Ó kó wọn dé! Ẹ wò ó bó ṣe ń kẹ́yìn wọn bọ̀!"

Ìyá Àgbà rọra kó obì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan.

"Balógun, kí lẹ wí?"

Bàbá Jóòbù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ tún un wí, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé *lọ* ni mo gbọ́, àbí *bọ̀*?"

Bàbá Jóòbù bojú wo Bàbá tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú iyanrìn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà oyè, wọ́n fi há abíyá. "*Bọ̀* ni," ni wọ́n wí. "*Bọ̀* ni, Ìyá Búráímọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹun."

Bàbá ò jẹ oyè náà títí wọ́n fi lọ. Abẹ́ Balógun Jóòbù ni wọ́n sìn, wọ́n sì ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn ní gbogbo ìpàdé. Kò sẹ́ni tó tún kó ẹrù kúrò ní Ìdí-Àgbọn nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí Bàbá sì kú, Balógun ló dúró létí sàréè títí gbogbo ènìyàn fi lọ, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kẹ́yìn àwọn lọ́jọ́ náà.

Káfílátù, ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí nìyẹn.

Bàbá Làmídì, èmi náà ti wà lójú ọ̀nà tí gbogbo yín gbà lọ báyìí, mo gbọ́ tí Múnírátù ń pè mí níwájú. Tí ẹ bá bá mi níbẹ̀, ẹ bá mi rántí nǹkan kan tí mo gbàgbé sílé, bó ṣe ilẹ̀kùn, bó ṣe ìkòkò, kí n tún padà lọ wò ó ná.